Ohùn Tí Kì Í Rìn

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Àwa mẹ́ta la wà ní ilé ìdáná mi ní Peckham: èmi, ọmọ mi obìnrin tó wá kí mi láti Lewisham, àti ará ilẹ̀ Gíríìkì tó ń gbé ní àjà òkè ilé wa. Ó wọlé, kò jókòó.

Ọdún méje la ti jọ ń gbé ilé kan náà. Uncle ló ń pè mí bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó máa ń fi ìka ta okùn ohun èlò orin kan tí ikùn rẹ̀ dà bí ìdajì igbá. Orin ìbílẹ̀ wọn ló ń fi í kọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn àtijọ́ ló ń kọ, ohùn lásán, láìsí ohun èlò kankan. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ó pa ohun èlò rẹ̀ tì fún odidi oṣù kan. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi náà kò dúpẹ́.

Ó ní, "Màmá mi ti kú. Ní Sátidé ló máa pé ogójì ọjọ́."

Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà tí wọ́n sin ìyá náà, kò lè lọ. Àdúrà ogójì ọjọ́ nìkan ló kù tó lè ṣe fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lórin. Ṣùgbọ́n orin wọn ń fẹ́ ẹnì kan tí yóò di ohùn kan ṣoṣo mú nísàlẹ̀. Íson ni wọ́n ń pè é, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọgbọọgba. Ẹni tó ń bá a ṣe é ti kó lọ sí ìlú mìíràn.

"Mo máa ń gbọ́ ohùn yín láti báfúrúùmù," ó ní. "Kì í gbọ̀n."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Daddy! Ẹ máa ń kọrin ní bathroom? Since when?"

Mo ní mo gbà.

Ibẹ̀ náà la ti bẹ̀rẹ̀. Ó fún mi ní ohùn kan, ó ní kí n má kúrò níbẹ̀. Ohùn tirẹ̀ gòkè, ó yí po, ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe dákẹ́ láti mí, mo dá a lóhùn. Mo dá a lóhùn dáadáa pàápàá.

"Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo gberin ni."

"Ta ló ní kí ẹ gberin?"

Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gòkè, mo bá a gòkè.

"Daddy, ó ní kẹ́ ẹ dúró. Ẹ dúró now!"

Mo ṣàlàyé fún ará Gíríìkì náà pé ní ìjọ wa, bí ẹnì kan bá lé orin tí kò rí ẹni gbè é, ìtìjú ni.

"Tiwa yàtọ̀. Èmi ni mò ń rìnrìn àjò. Ẹ̀yin ni ilé. Ṣé ilé máa ń tẹ̀lé èèyàn lọ sọ́jà ni?"

A tún gbìyànjú ní Ọjọ́bọ̀ àti ní Ẹtì. Iṣẹ́ tó le ni. Ó ṣòro fún mi láti máa gbọ́ tí èèyàn ń dá gòkè, kí n sì jókòó síbi tí mo wà.

Ní Sátidé, àwọn ìyá àgbà bíi mẹ́wàá ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, gbogbo wọn nínú aṣọ dúdú. Wọ́n gbé àlìkámà sísè tí wọ́n fi ṣúgà bò síwájú, oúnjẹ ìrántí òkú wọn, àbẹ́là kan ń jó láàárín rẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Àmì orin inú rẹ̀ dà bí ipa ẹsẹ̀ èèrà. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ ìwé kà, nítorí náà kò bà mí lẹ́rù. Mo mọ bí àmì téèyàn kò lè kà ṣe máa ń rí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo di ohùn mi mú. Nígbà tó dé ibi tí yóò ti dárúkọ ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ já.

Níbi tiwa, bí ohùn ẹni tó ń lé orin bá já, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu mi fẹ́ gbà á. Mi ò gbà á. Mo dúró síbi tó fi mí sí, mò ń jí èémí mí díẹ̀díẹ̀, àwọn ìyá àgbà ń wò mí. Ohùn mi nìkan ló kù nínú ilé náà. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tirẹ̀ lórí tèmi, ó rọra dárúkọ ìyá rẹ̀, ó sì kọrin náà parí.

Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà sílé, ó gbé àlìkámà tó ṣẹ́ kù lé itan.

"Mo rò pé ẹ máa dákẹ́ ni."

"Ẹ ní kí n má kúrò níbẹ̀."

Àkàrà la máa ń dín nílé wa bí àgbàlagbà bá kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí dín in, mo gbé e gòkè. Ojú rẹ̀ ti wú. Mo jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Mo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì tiwa.