Opó Tó Gun Òrùlé

Lọ́dọ̀ tiwa ní Uyoma, létí adágún, opó tí wọn ò tíì ṣú kò gbọdọ̀ wọ ilé onílé. Ọkùnrin kankan ò sì gbọdọ̀ bá a fọwọ́ kan òrùlé rẹ̀. Awino mọ gbogbo èyí nígbà tí omi gbé ọkọ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó sọ fún Okumu, àbúrò ọkọ rẹ̀, pé òun ò fẹ́. Okumu tí ò níṣẹ́ méjì ju ọtí lọ! Ìyàwó mẹ́ta ló ti sá fún un. Kí lèèyàn fẹ́ fi irú èyí ṣe?

Òrùlé koríko náà jẹrà, òjò ń dà sórí ẹní Awino. Àwọn ará ilé ọkọ ń retí kó wá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n retí títí, ó sú wọn. Awino gé koríko, ó gun òrùlé fúnra rẹ̀, èyí tó jẹ́ èèwọ̀ obìnrin, ó sì ń kọrin lókè. Okumu dúró nísàlẹ̀, ó ń bi í bóyá ojú ò tì í. Awino ní kó jọ̀ọ́ bá òun na okùn yẹn sókè.

Ó gbádùn ayé rẹ̀, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ó ń sá omena, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún, sóòrùn, ó ń tà á, orí ẹní gbígbẹ ló sì ń sùn. Àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù ló ń pè é ní wèrè, wọ́n ní ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Nígbà tó yá, Odera, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ kọ́lé tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ó di ìgbà tí wọ́n bá ṣú ìyá rẹ̀. Ọmọ wá jókòó síwájú ìyá.

“Màmá, ẹ gbà fún wọn. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni.”

“Ta ló máa sùn ti Okumu lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwọ ni àbí èmi?”

Odera dìde, kò jẹun. Ó lọ kọ́lé sórí ilẹ̀ àna rẹ̀, bí ẹni tí ò ní baba.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, Awino di ẹrù ẹja, ó rìn lọ sílé wọn. Odera na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá wọlé, ọmọ á kú.”

“Ṣé ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?”

Odera wo ilẹ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Awino ní kí wọ́n gbé ọmọ wá sójú fèrèsé. Obìnrin ni. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní kó má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láyé, ó gbé ẹja kalẹ̀, ó yíjú padà.

Ìgbà tí wọn ò rí i mọ́ ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó sunkún débi pé kò lè dìde. Ó bú Okumu, ó bú àwọn àgbà, ó bú ọmọ tó bí. Síbẹ̀, kò sọ pé òun ì bá ti gbà.