Ẹnu-Ọ̀nà Kékeré Tí Mi Ò Rí

Kìnnìún ni ẹṣin tí àkọ́bí mi gùn láyé. Kìnnìún òkúta ni o, ní Modena nílẹ̀ Italy, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní Duomo. Òkúta pupa ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó fi ẹ̀yìn gbé òpó, òpó náà sì ru òrùlé tó bo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọdé ìlú ti fi ìdí nu ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi ń dán bí abọ́ tánganran.

Turin la ti kọ́kọ́ gbé, nítòsí ọjà Porta Palazzo, kí ọkọ mi tó rí iṣẹ́ ní magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí, ní Modena. Iṣẹ́ ilé yíyà ló kà ní yunifásítì nílé. Ní magazzino, páálí ló ń tò. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ Àìkú, tí ìsìn bá ti parí, a máa ń gba ojúde Duomo kọjá. Ọkọ mi á gbé ọmọbìnrin wa sẹ́yìn kìnnìún, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó, wo bí orí ẹnu ọ̀nà yìí ṣe tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ṣé o rántí ṣọ́ọ̀ṣì yín nílé, èyí tí àwọn míṣọ́nárì kọ́?"

"Èyí tó ń jò yẹn?"

"Jẹ́ kó máa jò. Orí fèrèsé ẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò tẹ̀ báyìí?"

Ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó ní àwọn jagunjagun Norman ló gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ láti Faransé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá fi orúkọ wọn pè é. Àwọn ará ibí ń pe tiwọn ní romanico. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn míṣọ́nárì ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. "Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn," ó ní. "Ògiri wọn nípọn, fèrèsé wọn kéré, orí wọn róbótó. Òkúta ń ti òkúta, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀kankan já bọ́."

"Ó dáa, ọ̀gá Norman. Ìrẹsì ti tutù nílé."

Ọmọ mi á máa fi gìgísẹ̀ gbá kìnnìún níhà pé kó sáré.

Ibà ló mú un lọ. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní ọsibítù, kò kàn gbọ́ tiwọn ni.

Mo lọ sí cabina, mo ki káàdì bọ tẹlifóònù, mo pe màámi nílé. Wọ́n sunkún títí. Nígbà tó yá, ohùn wọn yí padà.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò gbọdọ̀ débẹ̀ o. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Onígbàgbọ́ ni wá, ọ̀pọ̀ èèwọ̀ ni a ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu màámi ni èyí ti jáde, mi ò lè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Màmá òyìnbó kan ń gbé nísàlẹ̀ wa, opó ni wọ́n. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n wọ dúdú láti wá pè wá. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn arákùnrin ìjọ nìkan ló ń lọ, wọ́n kọjú sí mi. "E la mamma?" Mamma ò ní wá kẹ̀? Ọkọ mi ṣàlàyé, Italian rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tó gbé ọmọ jù sójú títì. Síbẹ̀ wọ́n tẹ̀ lé wọn lọ, wọ́n dúró dípò mi.

Ibi tí èmi àti ọkọ mi lọ ni Duomo. A jókòó ti ẹsẹ̀ kìnnìún. Ọmọ kan wá, ó fẹ́ gùn ún. Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráyè.

Nígbà tí màmá dé, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fẹ́ sọ ibi tó wà. "Lẹ́bàá ògiri..." Mo fọwọ́ di etí. Láti ọjọ́ náà wọn ò sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń lọ sí cimitero, itẹ́ òkú ìlú, wọ́n á gbé òdòdó ọkọ wọn sọ́wọ́ kan, wọ́n á gbé kékeré kan sí ọwọ́ kejì, wọ́n á sì rọra kọjá níwájú wa kí n lè rí i.

Wọ́n bi wá lọ́jọ́ kan, kí ni a fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sára òkúta sàréè ọmọ wa? Ọkọ mi ya páálí kan, ó mú pẹ́ńsù, ó ya ẹnu ọ̀nà kékeré: òpó méjì, orí róbótó. Ó ya kìnnìún sábẹ́ rẹ̀, ó tún pa á rẹ́.

"Kí ló dé?"

"Ó ti wúwo jù fún un."

Màmá gbé páálí náà lọ.

A tún bí ọmọbìnrin mìíràn. Bí a bá sọ Yorùbá sí i, Italian ló fi ń dáhùn. "Nonna", ìyá àgbà, ló ń pe màmá ìsàlẹ̀. Nígbà tó tó ẹni tó ń sáré kiri, iṣẹ́ ọkọ mi tún fẹ́ gbé wa padà sí Turin. Màmá wá bá mi. "Ẹ̀ẹ̀kan péré," wọ́n ní, "kí o tó lọ."

Mo mú ọmọ mi dání, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹnu géètì cimitero ni mo dé dúró. Orí òun náà tẹ̀ bí òṣùmàrè. Mo ronú pé òbí ni màámi dárúkọ, wọn ò dárúkọ àbúrò. Mo fi òdòdó lé ọmọ mi lọ́wọ́, mo ní kó tẹ̀ lé nonna. Mo yíjú sí títì kí n má baà rí ọ̀nà tí wọ́n gbà.

Ó sáré padà dé. "Mamma, c'è una porticina!" Ó ti rí ilẹ̀kùn kékeré kan.

"Ṣé ó dára?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá fi Italian rẹ̀ bi mí pé ta ló ń gbé ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

"Ó kéré," ló sọ, ní Yorùbá.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó kéré."

Ó ti dàgbà kọjá ẹni tí à ń pọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí rẹ̀ mú, a sì gba ọ̀nà ibùdó bọ́ọ̀sì lọ.