Ẹ̀dọ̀ Tó Kọ́ Iṣẹ́ Tuntun

Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ ni mo máa ń sá sí lọ́sàn-án láti gún ara mi ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí ara mi ò lè pèsè mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi, ẹnu mi kì í gba ìjánu. Ó ń ṣèwádìí ní yunifásítì kan nítòsí Ìyànà Iyesi: ó fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fi iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ sílẹ̀, kó máa pèsè ínsúlínì. Gbogbo ilé-iṣẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì wa ló ti gbọ́ èyí, ó ti sú wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wá bá mi nílé mi ní Ilo-Awela, ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ fún ìgbà kẹta: wọn ò ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ dáadáa mọ́, wọn ò sì pèsè ínsúlínì. Ó dà wọ́n nù lọ́jọ́ kẹrin tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí èyí tó kàn ò bá yọrí, kó wá nǹkan mìíràn ṣe.

Mo ní, “Kí ló dé tó o fi tètè dà á nù?”

“Dádì, ó ti bàjẹ́ ni.”

Mo sọ ohun tí gbogbo wa nídìí ẹ̀rọ tó ń yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke mọ̀ fún un. Bí a bá kúrò lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù bọ́ sórí funfun, aláwọ̀ àmúlùmálà ló kọ́kọ́ ń jáde. Ẹni tuntun á sáré pa ẹ̀rọ, á ní ó ti bàjẹ́. Àgbà òṣìṣẹ́ á jẹ́ kó máa lọ títí búlúù á fi tán nínú ẹ̀.

“Dádì, sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì o.”

Inú bí mi. Bó ṣe padà lọ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ó pè mí níbi iṣẹ́. Kò da àwọn sẹ́ẹ̀lì náà nù lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kejìlá, ínsúlínì yọ. Kò pọ̀, àmọ́ ó yọ. Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé ta ló ní kó dúró.

“Mo ní bàbá mi ni, pé ilé-iṣẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.”

Mo díbọ́n pé ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n gbọ́, kó lè tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó wá fi kún un pé, “Inú àwo ìdánwò ló ṣì wà o, kò tíì dé ara èèyàn. Ẹ má tìtorí ẹ̀ pa abẹ́rẹ́ yín tì.”

Nígbà tó di ọ̀sán, mi ò wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo gbé ẹ̀wù sókè, mo gún abẹ́rẹ́ mi lójú gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń wò mí.

Mo ní, “Abẹ́rẹ́ yìí ni ọmọ mi fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.”