Ẹ̀rọ tó kọ ìkíni mọ́ ilẹ̀ mi

Mo ti fi ẹsẹ̀ yí gbogbo ilẹ̀ Tchaourou po rí, láti Goro dé Bétérou, kí ẹ̀wà tó wà lórí iná ìyàwó mi tó rọ̀. Ẹṣin kan tó fẹ́ bá mi du ìrìn náà jókòó sílẹ̀ ní Sanson, ó ní kí n máa lọ. Ẹni tó rìn bẹ́ẹ̀, ṣé ó yẹ kí ẹ̀rọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ dẹ́rù bà á? Ó dẹ́rù bà mí o.

Tata kan, obìnrin òṣìṣẹ́ kọpẹratífù wa, ló gbé e wá. Kọ̀ǹpútà àmúlọ́wọ́ ni, apáréì là ń pè é. Ó ní kí ẹni tó bá ní oko kajú mú un dání, kó rìn yí ààlà rẹ̀ ká. Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbà ni apáréì máa fa ìlà sí, ìlà yẹn ni wọ́n á fi ṣe ìwé ilẹ̀.

"Tonton, ẹ ṣáà máa rìn. Tí ẹ bá parí, ẹ tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé yìí, kí ẹ wá bá mi nílùú," ni tata wí; tonton ló ń pe gbogbo àgbà ọkùnrin.

Mo rìn. Mò ń tẹ̀ lé àwọn pèrègún tí bàbá mi gbìn sí ààlà. Nígbà tí mo dé apá ìlà-oòrùn, mo rí ọ̀rẹ́ mi lódìkejì, níwájú ahéré rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí oko wa ti fara kanra. Ta ló máa rí àgbà níwájú ahéré rẹ̀, tí yóò kàn kọjá bí ewúrẹ́? Mo yà. Mo jókòó, mo mu omi, a béèrè ilé, a béèrè ọmọ, a béèrè orúnkún ara wa. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ahéré kí n wo ebè iṣu rẹ̀. Mo yìn ín, mo gba ẹ̀yìn ibẹ̀ padà sí ààlà.

Mo yí oko tán, mo tẹ bọ́tìnì. Lẹ́yìn náà ni mo tó wọ abẹ́ igi, tí mo fi fìlà ṣíji bo ojú apáréì, torí oòrùn kì í jẹ́ kéèyàn rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Mo rí oko mi. Ó ti yọ apá! Apá náà sì gbá ahéré ọ̀rẹ́ mi mọ́ra, tòun ti ebè iṣu.

Lágbègbè wa, mo ti rí ẹbí tó tú ká nítorí pèrègún kan tí wọ́n sún díẹ̀. Kí ni ọ̀rẹ́ mi máa rò tí ìwé bá dé, tó bá ara rẹ̀ nínú ilẹ̀ mi? Pé mo wá mu omi rẹ̀ kí n lè gba ilé rẹ̀.

Mò ń tẹ ojú apáréì kí ìlà náà lè pa rẹ́. Ọkọ́ ti sọ àtàǹpàkò mi di èèpo igi. Ibi tí mo bá tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń dáhùn. Ìwé mi kò kọjá CE2 nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ka èyí tó wà níbẹ̀: ó ń dúró de résò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, kó lè fi ìlà náà ránṣẹ́. Kò sí résò lóko wa. Orí òkè tí ọ̀nà ìlú gbà kọjá ni résò wà. Tata nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìlà rẹ́, ìlú ló wà.

Mo bá gbé ìkòkò irin tí a fi ń se oúnjẹ lóko, mo sọ apáréì sínú rẹ̀ kí résò má baà kàn án, mo dé e, mo fi okùn dì í, mo rù ú, ó di inú igbó. Bí ẹyẹ bá dún, mo rò pé apáréì ló ń ránṣẹ́. Obìnrin kan tó ń ṣa kajú rí mi.

"Tonton, ọbẹ̀ kí lẹ rù tí ẹ ń sáré báyìí?"

"Má fọwọ́ kàn án! Résò ni mò ń sá fún."

"Yéè! Wọ́n sọ fún mi pé orí yín ti dàrú, mi ò gbà!"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Tata ní kí kálukú wa sọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n tún ṣe lára apáréì náà. Tèmi rèé, abẹ́ ìkòkò yẹn ni mo ti rò ó. Kí wọ́n fún un ní ojú tí oòrùn ò lè fọ́, àti bọ́tìnì tó gba àtàǹpàkò àgbẹ̀. Kó máa sọ Nàgó, èdè wa. Tí mo bá yà, kó bi mí pé, "Baba, ààlà lẹ ń rìn ni àbí ẹ fẹ́ lọ kí èèyàn?" Tí mo bá ní kó dúró, kó dúró títí n ó fi mu omi tán. Kó tó ránṣẹ́, kó tún bi mí. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ pàápàá ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Mo délùú, tata ṣí ìkòkò, ìlà náà kò tíì lọ, ó pa á rẹ́.

Rárá. Irọ́ ni ìkòkò yẹn. Kò sí ìkòkò, kò sí igbó, kò sí obìnrin kankan. Mo ki apáréì bọ àpò, mo gun alùpùpù akérò gba ojú ọ̀nà, mo rò pé tí a bá sáré, résò ò ní bá wa. Lórí òkè, ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú àpò mi. Ìlà náà ti lọ. Mo ní kí ẹni tó gbé mi yí padà. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo sọ fún un kí ẹlòmíràn tó sọ. Ó wo apáréì, ó wò mí, ó wọ bàtà rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ rin ààlà náà," ló sọ. Òun ló ṣáájú, mo gbé apáréì tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ọ̀gangan ahéré rẹ̀, kò ní kí n yà wá mu omi. Lẹ́yìn náà, tata fi ìlà tuntun yẹn rọ́pò ti àkọ́kọ́. Mo fi ìkòkò kún ìtàn náà torí ojú ń tì mí láti sọ pé ìlà àkọ́kọ́ ti lọ.