Ọ̀bẹ Tí Kò Sẹ́ni Tó Pè É Lọ́bẹ

Àwọn wẹ́dà kan wà lábẹ́ fèrèsé yàrá mi níbí, ní Kubwa, l'Àbújá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n ti ń jó irin mọ́ irin, òórùn rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ á ní kí n ti fèrèsé, pé òórùn náà ń fa ẹ̀fọ́rí fún òun. Èmi kì í tì í. Bí irin bá ti gbóná tó ń rùn báyìí, àgbẹ̀dẹ bàbá mi ni mo máa ń bá ara mi, nílẹ̀ Ìgbómìnà, pẹ̀lú èédú lórí imú mi àti ìgbéraga tó tóbi ju orí mi lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ìgbà náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi ìlú sílẹ̀ lọ wa kùsà nínú ilẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n ní iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti ń kú lọ, pé ọkọ́ àti àdá òyìnbó ti kún ọjà. Ọmọ iṣẹ́ tó kù gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ bàbá mi kò tilẹ̀ dágbére. A kàn jí lọ́jọ́ kan, a bá ẹ̀mú tó fi ń di irin mú nílẹ̀, ó ti tutù. Bàbá mi kò bí ọmọkùnrin. Èmi ni mo wá ń fín ẹwìrì fún un, tí mò ń fi fẹ́ atẹ́gùn sí iná. N kò lọ ilé ìwé. Ilé ìwé wà lódìkejì odò, ẹwìrì wà lẹ́yìnkùlé wa.

Nígbà tí mo fín in fúngbà díẹ̀, mo pinnu pé mo ti di ọ̀gá. Ẹni tó bá ń kọjá lọ tó kí bàbá mi pé "Àrọyè o," bí wọ́n ṣe ń kí alágbẹ̀dẹ, èmi ni mo máa ń sáré dáhùn. Bàbá mi á wò mí, á ní, "Irin kì í sọ pé òun gbóná, ẹni tó fọwọ́ kàn án ni yóò sọ fún ọ." Mo rò pé irin ló ń bá wí.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀ ní abúlé kejì. Mo ti ń dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dáná, mo ki àjákù sípíríngì mọ́tò bọ̀ ọ́, mo fín ẹwìrì, mo sì gbé ọmọ owú, òòlù bàbá mi, sókè. Ọ̀bẹ ni mo fẹ́ rọ fún ìyá mi. Mo lu irin náà títí apá fi kọ̀ mí. Ibi tó yẹ kó fẹ́lẹ́ nípọn, ibi tó yẹ kó nípọn ti fẹ́lẹ́, ìrù rẹ̀ sì ká sókè bíi ti ajá tó rí olówó rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ẹja àrọ̀ tó kú sínú oòrùn rí, ẹ ti rí i nìyẹn. Bàbá mi dé, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo ní, "Baba, mo ti rọ ọ̀bẹ."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́. Ìyá mi, tó ń ṣe irú tà, ní ṣé òun ò ti wí i, pé kí n padà sídìí irú, obìnrin kì í lu irin. N kò sunkún o. Mo bá wọn jiyàn, mo ní ojú wọn ni kò ríran dáadáa. Bàbá mi nu omi ojú rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Lọ́jọ́ ọjà, màá fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Bí ẹnì kan bá tinú ara rẹ̀ pè é lọ́bẹ, èmi fúnra mi ni màá fi ọmọ owú lé ọ lọ́wọ́, màá kọ́ ọ níṣẹ́. Bí kò bá sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀, ìdí irú yá. O ò sì gbọdọ̀ sọ fún wọn."

Ọjọ́ ọjà pé. Mo wẹ̀, mo para, mo dúró sábẹ́ ọ̀bẹ mi bí ìyàwó tuntun. Àgbẹ̀ kan tó wá pọ́n àdá ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Ó bi bàbá mi pé irú ṣíbí wo nìyẹn. Ọdẹ kan ní kì í ṣe ṣíbí, pé ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa òkété jáde nínú ihò ni. Ẹnì kan tó ti Jọ́ọ̀sì dé, tí bàtà rẹ̀ ń dún kókókà, ní kí wọ́n yéé tan ara wọn, ohun tí òyìnbó fi ń ti gìgísẹ̀ bọ bàtà ni, òun ti rí i lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ rò pé oògùn la fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, ó rọra bi bàbá mi létí pé ara ta ni kò yá nínú ilé.

Nígbà tó dọ̀sán, mo rí i pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Bàbá ní n kò gbọdọ̀ sọ. Kò ní n kò gbọdọ̀ ṣe. Mo gbé iṣu wá, mo jókòó sábẹ́ ọ̀bẹ, mo ń fi èékánná ha iṣu, mo ń mí kanlẹ̀ pé bí èèyàn bá ṣáà lè rí nǹkan gé iṣu yìí. Àgbẹ̀ kan ṣàánú mi. Ó yọ àdá tirẹ̀ fún mi, ó ní, "Gbà, ọmọ mi. Rọra o, ó mú." Bàbá mi kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí obìnrin Fúlàní kan tó ń kiri wàrà tó dé. Kò béèrè ohunkóhun. Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ mi kúrò níbi tó kọ́ sí, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ká sókè yẹn, ó sì ń fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni tó ń ha nǹkan. Ó ní òun fẹ́ rà á. Bàbá mi bi í pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan náà lọ́dọ̀ tiwọn.

"Kai, Baba, mi ò mọ orúkọ ẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Wàrà máa ń jóná mọ́ ìdí ìkòkò mi. Nǹkan tó máa wọ kọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò báyìí ni mo ti ń wá kiri."

Ó fi wàrà ṣe pàṣípààrọ̀, ó gbé igbá, ó lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó bú sẹ́kún. Ọjà ti tú, kò sẹ́ni tó pè é lọ́bẹ, mo sì ti ń gbọ́ òórùn irú lára aṣọ mi. Bàbá mi rọra ń jẹ wàrà rẹ̀.

"Ọ̀bẹ kọ́ ni lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọkọ́ tí mo rọ kún ilé, ti òyìnbó ni wọ́n ń rà. Ìwọ rọ ohun tí òyìnbó ò rọ. Wá mú ọmọ owú láàárọ̀ ọ̀la."

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí ọjà tún pé, obìnrin náà kó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wá, irú rẹ̀ gan-an ni gbogbo wọn fẹ́. Wàhálà dé. N kò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo lu irin kan, ó jọ ọ̀bẹ. Mo lu òmíràn, ó tún jọ ọ̀bẹ, èyí tó dára pàápàá. Bàbá mi, ọ̀gá pátápátá, wá ń làágùn lórí àṣìṣe ọmọ rẹ̀. Á lu ìrù irin náà, á wò ó, á sọ ọ́ padà síná, á máa kùn pé, "Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó ń wá níbẹ̀." Ìyá mi ní orí rẹ̀ tó sọnù ló ń wá. Kí a tó rí i ṣe, mo ti mọ bí irin ṣe ń pọ́n àti bó ṣe ń funfun, mo ti mọ ìgbà tí wọ́n ń lù ú àti ìgbà tí wọ́n ń fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn: mò ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà tún un bà jẹ́.

Mo rọ irin títí mo fi relé ọkọ. Awakọ̀ ni ọkọ mi, ó sì gbé mi káàkiri títí a fi dé Àbújá. Àgbẹ̀dẹ kò ṣeé dì sínú mọ́tò.

Dúpẹ́, ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ti jáde yunifásítì. Ó wá iṣẹ́ ọ́fíìsì títí bàtà rẹ̀ fi jẹ, ló bá lọ ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Kugbo, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì àti àga. Ó ní iṣẹ́ ò wọ́n níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló wọ́n. Gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Àbújá ló ń wá géètì. Ìyá rẹ̀, ọmọ mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun wà nídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Láìpẹ́ yìí, Dúpẹ́ gbé àga onírin àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó wálé. Ẹsẹ̀ kan kò kan ilẹ̀. Ó gbé e sáàárín pálọ̀, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó, àga fì, mo di ògiri mú. Ọmọ yìí ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnì kan ti rí i, ó sì ti ní kí òun bá a ṣe irú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyàwó pásítọ̀ wa wọlé bá wa. Ó bi wá pé níbo la ti ra àga. Kí Dúpẹ́ tó la ẹnu, mo ti ń bẹ̀bẹ̀: ẹ má bínú, ó fì díẹ̀, ọmọ ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Kò sì sẹ́ni tó bínú. Bí mo ṣe ń ṣe nìyí láyé mi ìsinsìnyí. Màá se ọbẹ̀ tó dùn, màá tọrọ àforíjì nítorí iyọ̀ kí àlejò tó tọ́ ọ wò.

Ọmọ tó dúró sábẹ́ irin wíwọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ ọjà yẹn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí ojú ti òun. Mo gbọ́n jù ú lọ nísinsìnyí, ọgbọ́n náà kò sì tíì rọ ṣíbí kan fún mi. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lónìí, n kò ní dúró kó kí mi. Èmi ni màá kúnlẹ̀ kí i, bí orúnkún bá gbà fún mi.