Ọjọ́ Tí Bàbá Wá Wo Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Bẹ́ǹṣì

Mo rántí ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nítòsí Old Garage ní Òṣogbo, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ẹ̀gbọ́n mi ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó wọ yàrá wa. Nítorí gíga yìí ni wọ́n ṣe mú un sínú ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n kóòṣì kì í jẹ́ kó pẹ́ lórí pápá. Géńdé kan tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú irin, alágbára tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ló máa ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ọ̀rọ̀ yìí pín àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ sí méjì. Àwọn kan ní agbára ló yẹ kó ṣáájú, àwọn kan ní gíga ni. Èmi tí n kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rí ni mò ń pariwo jù. Mo máa ń dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró kí n lè bá àwọn oníbàárà ọ̀gá mi jiyàn. Mo tilẹ̀ sọ fún wọn pé kóòṣì kò fẹ́ràn àwa Ìjẹ̀ṣà ni.

Ó wá di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kan láti Iléṣà wá bá wọn díje. Bàbá wa fi oko kòkó sílẹ̀ ní Ọ̀tan-Ilé, ó wọ agbádá tó fi ń lọ òde, ó wá wo ọmọ rẹ̀. Eré dé ìdajì, Iléṣà ń ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dìde. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ń sọ pé ẹni gíga yẹn kò wúlò fún nǹkan kan. Bàbá kò bojú wẹ̀yìn. Ó rọra bi mí pé, "Ṣé ara àwọn tó ń wòran ni ẹ̀gbọ́n rẹ wà?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo lọ bá kóòṣì níwájú gbogbo ènìyàn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá wa ti ọ̀nà jíjìn wá. Kí ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣẹ̀ yín?"

Kò bínú. "Kò ṣẹ̀ mí. Tó bá sáré pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo, òun náà mọ̀. Jẹ́ kí géńdé yẹn kọ́kọ́ tán wọn lókun. Lọ jókòó ti bàbá yín."

Mo wojú ẹ̀gbọ́n mi. "Àdéhùn èmi àti kóòṣì ni," ó ní, ó sì yíjú sí ibòmíràn. Kò sọ fún mi rí.

Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, àwọn ará Iléṣà ti ń fọwọ́ ti orúnkún. Ìgbà náà ni kóòṣì mú ẹ̀gbọ́n mi wọlé, kò sì yọ géńdé náà. Géńdé ń fi èjìká la ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi ń já bọ́ọ̀lù lókè bí ẹni ń ká obì. Ó sọ ọ́ sínú àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Kí fèrè ìkẹyìn tó dún, a ti fi bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ju Iléṣà lọ. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì sókè. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wa ló kọ́kọ́ dì mọ́ bàbá, kò tilẹ̀ mọ ẹni tí í ṣe. Bàbá, Ìjẹ̀ṣà pọ́nńbélé, ń jó nítorí pé wọ́n na Ìjẹ̀ṣà, ó sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, "Èmi ni mo bí i."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nísinsìnyí tí èmi náà ti dàgbà, mo mọ̀ pé n kò jàre nínú gbogbo iyàn tí mo jà nígbà náà. Síbẹ̀, n kò tíì jàre iyàn kan láyé mi tó dùn mọ́ mi tó èyí tí mo pàdánù lọ́jọ́ yẹn.