Orúnkún Tó Tú Àṣírí Físà Wa

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀wù òtútù tí òjò rin, tí wọ́n wá gbé kọ́ sínú ilé tó móoru, kíá ni ọkàn mi máa ń sáré padà sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hamburg, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Òórùn irun àgùntàn tó tutù ni, pẹ̀lú ti kọfí tó ti pẹ́ lórí iná. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n kọ́ ẹ̀wù gbogbo wa sí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó tì wọ́n, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀ sí, nítorí a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wa. Físà la wá rà. Kì í ṣe físà ayédèrú o. Ojúlówó ni, ìjọba orílẹ̀-èdè kan tó wà létí òkun lápá ìlà-oòrùn ayé ló ń tà á: bí èèyàn bá ti sanwó, ó lè gbé lọ́dọ̀ wọn fún ọdún márùn-ún láìsí pé ẹnikẹ́ni ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyẹn jẹ́ bí ọdún kan tàbí méjì ṣáájú àrùn tó sé gbogbo ayé mọ́lé.

Jẹ́ kí n sọ irú àsìkò tó jẹ́ fún mi. Mo ti parí ẹ̀kọ́ mi ní Berlin, ìjọba sì fún mi ní ìwé ìgbélùú tí mo máa fi wá iṣẹ́. Ìwé yẹn ń lọ sópin, iṣẹ́ ò sì yọjú. Ilé kọfí kan ní Kreuzberg ni mo ti ń fọ ife, tí mo sì ń gbé kéèkì fún oníbàárà, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwa àjèjì, ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀rù wá di ohun tí mo ń bá jí. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin U7 láti Spandau, níbi tí mò ń gbé, lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń wo àwọn tó jókòó yí mi ká, màá máa rò ó pé ẹni tó ń tòògbé yẹn, ẹni tó ń jẹ ápù yẹn, kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n máa lọ. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Màmá mi á pè láti Abẹ́òkúta, wọ́n á ní ṣé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, màá ní a dúpẹ́. Mo sọ “a dúpẹ́” yẹn títí ó fi sú mi.

Ẹ̀gbọ́n tí mò ń sọ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Ó ti pẹ́ ní Hamburg, ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà gbogbo ló ń tún ìwé ìgbélùú tirẹ̀ ṣe, ìgbà gbogbo ló sì ń gbààwẹ̀ kí wọ́n tó fún un. Ó kù díẹ̀ kó tó ẹni tó lè béèrè ìwé àtigbé títí láé, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Òun ló pè mí lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni pé àárín ìsìn ló wà.

“Àbúrò, mo ti rí ọ̀nà kan. Five years, kò sí Ausländerbehörde, kò sí wàhálà. Jẹ́ ká jọ lọ. Tá a bá ti settle, a máa wá nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni o, títí ẹsẹ̀ wa á fi kanlẹ̀ níbẹ̀.”

“Màmá mi ńkọ́?”

“Ẹnikẹ́ni ni mo ní.”

Kò yà mí lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn. Nígbà tí àbúrò bàbá mi ń lọ sí òkè òkun, àpò ìdọ̀tí ló kó aṣọ rẹ̀ sí, sálúbàtà ilé ìwẹ̀ ló wọ̀ jáde, ó ní òun ń lọ da ilẹ̀ nù. Ó ti dé Ítálì kí àwa ọmọdé tó gbọ́ pé ó lọ. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ayé le, pé ẹnu ayé lè ba ìrìn àjò jẹ́. N kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀fẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tó pariwo ìrìn àjò rẹ̀ tí wọn ò sì fún un ní físà, gbogbo àdúgbò ló sì wá bá a kẹ́dùn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Èmi náà bá panu mọ́. Mo sọ fún ọmọ Jámánì tá a jọ ń lo kíṣìnì pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo bá lọ sí Hamburg. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tempelhof, níbi tá a ti ń wọ aṣọ funfun, tá a sì ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ lé mi lórí lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gbàdúrà pé Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn ìwé ìgbélùú fún mi. Mo ṣe àmín tó dún ketekete, mi ò sì sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn mìíràn ni mo ti ń kàn. Kí ìsìn tó parí, Bàbá kéde fún ìjọ pé àwọn ò ní sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀, pé àwọn ń lọ síbì kan tó pa rọ́rọ́ láti wá ojú Olúwa.

Ní gbọ̀ngàn Hamburg yẹn, ọkùnrin tó ń ta físà náà ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri: òkun, ilé funfun, ọkọ̀ tó máa wá pàdé ẹni tó bá sanwó ní pápákọ̀ òfurufú. Níta, òjò ń gbá fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ àwòrán yẹn bí ọmọ tí ebi ń pa. Gbogbo ohun tí mo ní láyé ló máa bá físà yìí lọ, mo sì ń bi ara mi pé bí ibẹ̀ náà bá lé mi ńkọ́? Ibo ni èèyàn tún ń lọ lẹ́yìn ibi tó fowó rà?

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ikọ́ kan níwájú. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró, ó tún dún lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ikọ́ yẹn. Òun ló máa ń ṣáájú àdúrà ní Tempelhof. Mo sọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi létí pé Bàbá Ìjọ wa ló wà níwájú yẹn. Ojú rẹ̀ yí padà, ó ní kí n tẹrí ba, kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní ká sinmi díẹ̀, mo fi sìkáàfù borí, mo rọra ń gba ara ògiri lọ síbi tí omi wà. Bàbá náà ti fa fìlà bojú, àwọn náà ń gba ara ògiri bọ̀ láti òdìkejì. Bá a ṣe ṣe pẹ̀kí ǹ pẹ̀kí nídìí tábìlì nìyẹn. Ká ní mo wo ibòmíràn, bóyá kálukú wa ì bá kọjá lọ bí àjèjì. Ẹnu mi ti pinnu pé òun ò ní sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ò gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí n tó mọ̀, ó ti kanlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì, láàárín àwọn òyìnbó tó mú ife dání, mo sì gbọ́ ohùn ara mi pé, “Ẹ káàsán sà.” Ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì. Obìnrin Jámánì kan sáré wá láti gbé mi dìde, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi.

“Dìde, ọmọ mi,” ni Bàbá wí. Wọ́n wo gbogbo gbọ̀ngàn náà yíká, wọ́n húkọ́. “Ibi tó pa rọ́rọ́ tí mo ní mò ń lọ nìyí.”

Àṣírí ti tú, kò sí ohun tá a tún ń fi pa mọ́. A jókòó sídìí tábìlì kan. Bàbá sọ pé àwọn ti fẹ́ máa gba Rente, owó ìfẹ̀yìntì àwọn, àti pé òtútù ti ba orúnkún àwọn jẹ́. Wọ́n wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

“Ìwọ ńkọ́? Báwo lo ṣe fẹ́ pẹ́ tó níbẹ̀?”

“Ọdún márùn-ún náà ni sà. Tí ibẹ̀ ò bá dáa, màá padà sí Hamburg.”

“Pẹ̀lú ìwé wo?”

“Èyí tó wà lọ́wọ́ mi náà sà.”

Bàbá gbé ife kọfí wọn kalẹ̀. “Tó o bá kúrò ní Jámánì kọjá oṣù mẹ́fà láìgbàṣẹ, ìwé yẹn ti kú nìyẹn. Èmi lè lọ torí pé passport Jámánì ló wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò ìyàwó mi lọ sìnkú ìyá wọn, ó pẹ́ nílé, airport ni wọ́n ti dá a padà. Ṣé o ò mọ̀ ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀. Gbogbo bó ṣe pẹ́ tó ní Hamburg, kò mọ̀, nítorí kò bi ẹnikẹ́ni. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ béèrè ohun tó ń fi pa mọ́?

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ṣó o rí i? Ohun tí mò ń sọ nìyí. Wọ́n fẹ́ lọ tiwọn, wọn ò wá fẹ́ ká lọ.” Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá ti di “ayé ló ń ṣe mí,” kò sí àlàyé tó tún ń wọlé. Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta físà náà fúnra mi. Mo bi í pé ṣé a lè ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní físà ìgbádùn ni, ẹni tí owó ń wọlé fún láti ibòmíràn ló wà fún. Mo bi í nípa oṣù mẹ́fà Jámánì. Ó ní òfin Jámánì kì í ṣe ọjà tòun, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe gbọ́ ọ. Kò parọ́ fún wa. A ò kàn tíì bi í ni.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Báírò tó fẹ́ fi buwọ́ lùwé físà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó fi í sápò, ó lọ mú ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde sínú òjò. Abẹ́ òrùlé ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo bá a. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ẹkún ló ń sun.

“Kì í ṣe òkun ni mo fẹ́ lọ wò,” ó ní. “Mo kàn fẹ́ ibi tí mo ti máa sùn, tí ẹnì kan ò ní bi mí pé till when.”

Mo di apá ẹ̀wù rẹ̀ tó tutù mú, òórùn irun àgùntàn yẹn gba imú mi. Ohun kan náà lèmi náà ń wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ìjọ sọ ibi tí àwọn lọ fún ìjọ, wọ́n sì ní kí n dìde. “Ọmọ yìí ń wá iṣẹ́, ìwé ẹ̀ sì ti fẹ́ tán. Ẹni tó bá mọ nǹkan kó bá a sọ ọ́.” Ojú tì mí gan-an, bí ilẹ̀ bá lanu, màá kó sí i. Mo ń wá ayé kiri nínú ojú àwọn èèyàn. Ohun tí mo rí ni pé àwọn bíi mélòó kan sorí kọ́, bí ẹni pé àwọn náà ń fi irú àṣírí bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tó kọ́ irú ohun tí mo kọ́ níbi iṣẹ́ òun. Má rò pé ó wá rọrùn o. Mo ṣì jókòó ní Ausländerbehörde fún wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ìwé mi tó kú, mo ti gba òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi náà fara dà á títí wọ́n fi fún un ní ìwé àtigbé títí láé. Lọ́jọ́ tó gbà á, oorun ló fi ṣe ayẹyẹ.

Bàbá sanwó tiwọn, wọ́n sì lọ. Bí o bá bi mí bóyá ó yẹ kéèyàn náwó lé irú físà bẹ́ẹ̀, Bàbá ni màá fi dá ọ lóhùn. Ó yẹ fún wọn: owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé, ìwé wọn ò lè kú lẹ́yìn wọn, orúnkún wọn ò sì dùn wọ́n mọ́. Wọ́n máa ń pè mí, màá sì máa gbọ́ òkun lẹ́yìn ikọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ibí dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ kí mi.” Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá mi ní Spandau, fóònù létí, mo sì sọ fún wọn pé mo ti kúnlẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ máa ń pè mí báyìí, ohùn wọn á rẹlẹ̀: “Àǹtí, mo rí físà kan, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.” N kì í béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n ti sọ fún. Mi ò sọ pé ayé ò le o, ayé le. Ṣùgbọ́n ẹnu mi gbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó pa àṣírí mọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ká ní orúnkún mi gbọ́n tó ẹnu mi ni, ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti buwọ́ lùwé.